Orí Keje: Sẹ́ṣọ̀n àti Kúkì, Bí Ìkànnì Ayélujára Ṣe Ń Dá Aṣàmúlò Mọ̀

Àfojúsùn

Nígbà tí o bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí o lè:

- ṣàlàyé ìdí tí sáfà kì í fi í rántí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán;
- ka hẹ́dà Set-Cookie, kí o sì sọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe;
- fi èdè PHP kọ kóòdù ìwọlé, kóòdù tó ń ṣọ́ ojú-ìwé àti kóòdù ìjáde;
- dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tí olè ń gbà jí sẹ́ṣọ̀n, kí o sì dí i mọ́ ọn;
- mọ ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fi kúkì sórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn.

7.1 HTTP kì í rántí ẹnikẹ́ni

Ní CERN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà nítòsí ìlú Geneva, ni Tim Berners-Lee ti dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ láàárín 1989 sí 1991. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún nígbà náà ni kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè máa ka ìwé ara wọn láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ìlànà HTTP tó gbé kalẹ̀ bá iṣẹ́ náà mu rẹ́gí: aṣàwákiri béèrè ojú-ìwé, sáfà fi í ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Bí aṣàwákiri kan náà bá tún padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, àlejò tuntun ni lójú sáfà.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ kàwé, èyí kò dá wàhálà kankan sílẹ̀. Àìrántí yìí gan-an ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ wọ sáfà lọ́rùn, tó fi lè dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lóhùn láìdi ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sínú. Ṣùgbọ́n wo ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, èyí tí a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ títí tí orí yìí yóò fi parí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wọlé. Ó fẹ́ wo iye owó tó ti dá, ó fẹ́ wo gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀, ó sì fẹ́ béèrè ẹ̀yáwó tuntun. Ojú-ìwé mẹ́ta ni, ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni sáfà yóò rí. Bó bá ṣe HTTP nìkan la ní, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ẹgbẹ́ náà yóò tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

Lou Montulli, ọ̀kan lára àwọn tó kọ aṣàwákiri Netscape, ló wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí ní 1994. Netscape ń bá ilé-iṣẹ́ MCI ṣe ètò ìtajà orí ayélujára, MCI kò sì fẹ́ kí sáfà tiwọn máa tọ́jú ọjà tí oníbàárà ti ṣà jọ ṣùgbọ́n tí kò tíì sanwó rẹ̀. Montulli ní kí aṣàwákiri fúnra rẹ̀ bá sáfà tọ́jú ọ̀rọ̀ kékeré kan, kí ó sì máa fi í hàn nígbàkigbà tó bá padà wá. Bí kúkì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ti wà nínú Netscape ní oṣù kẹwàá 1994, Internet Explorer náà gbà á wọlé ní 1995, ìwé ìlànà àkọ́kọ́ tí IETF, àjọ tó ń ṣe ìlànà ayélujára, kọ lé e lórí sì jáde ní 1997. RFC 6265 tó jáde ní oṣù kẹrin 2011 ni àwọn aṣàwákiri òde òní gùn lé.

7.2 Kúkì lójú kòrókòró

Jẹ́ kí a wo ohun tó ń lọ láàárín sáfà àti aṣàwákiri bí ó ṣe rí gan-an. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ti yan èdè Yorùbá lórí ìkànnì wa, sáfà sì fẹ́ kí ìkànnì rántí. Èsì rẹ̀ nìyí:

```
HTTP/1.1 200 OK
Content-Type: text/html; charset=UTF-8
Set-Cookie: ede=yo; Max-Age=2592000; Path=/; Secure; SameSite=Lax
```

Aṣàwákiri gba kúkì náà, ó tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ náà tẹ líǹkì tó kàn, ohun tó lọ bá sáfà ni:

```
GET /iwe-owo.php HTTP/1.1
Host: ajeseku.example
Cookie: ede=yo
```

Kíyè sí ohun méjì. Àkọ́kọ́, orúkọ kúkì àti iye rẹ̀ nìkan ló padà sọ́dọ̀ sáfà. Max-Age, Path, Secure àti SameSite kò bá wọn lọ, nítorí aṣàwákiri ni wọ́n jẹ́ àṣẹ fún. Èkejì, kò sí ẹni tó ní kí aṣàwákiri fi kúkì náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Fúnra rẹ̀ ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe fún gbogbo ìbéèrè tó bá ń lọ sí ìkànnì yìí títí kúkì yóò fi kú. Ìwà yìí ló mú kí kúkì wúlò, òun náà ló sì sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà fún olè, bí a ó ṣe rí i ní 7.6.

Àwọn àṣẹ tí a lè kọ mọ́ kúkì nìwọ̀nyí:

- Max-Age sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí kúkì ní láti lò láyé. 2592000 jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́. Expires ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà, àmọ́ ọjọ́ àti àkókò pàtó ni a ń kọ sí i. Bí a kò bá kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, kúkì yóò kú nígbà tí wọ́n bá pa aṣàwákiri dé.
- Domain sọ ìkànnì tí kúkì lè lọ bá. Bí a kò bá kọ ọ́, ìkànnì tó fi kúkì sílẹ̀ nìkan ni yóò máa rí i. Bí a bá kọ ọ́, àwọn ẹ̀ka ìkànnì náà yóò rí i pẹ̀lú. Má kọ ọ́ bí kò bá nídìí.
- Path sọ apá ìkànnì tí kúkì wà fún.
- Secure ní kí kúkì má ṣe gba orí HTTP lásán kọjá, àfi HTTPS.
- HttpOnly ní kí JavaScript má lè ka kúkì náà. Microsoft ló kọ́kọ́ mú un wọlé, nínú Internet Explorer 6, ní 2002.
- SameSite sọ ohun tí aṣàwákiri yóò ṣe bí ìbéèrè bá ti orí ìkànnì mìíràn wá. Strict ní kí kúkì má lọ rárá. Lax gbà kó lọ bí ènìyàn bá tẹ líǹkì wọlé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó bá fọ́ọ̀mù POST láti ìta lọ. None ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì di dandan kí Secure bá a rìn. Láti 2020 ni Chrome ti ń mú Lax fún kúkì tí a kò bá kọ SameSite sí.

RFC 6265 ní kí aṣàwákiri lè gba kúkì tó tó 4096 byte, kí ó sì lè tọ́jú ó kéré tán 50 fún ìkànnì kan. Má torí èyí kó ẹrù sínú kúkì. Ojú-ìwé tó ní 40 àwòrán láti ìkànnì wa yóò gbé kúkì náà lọ ní ẹ̀ẹ̀kan fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí kúkì bá tó 4 kilobyte, 160 kilobyte ti lọ kí ojú-ìwé tó ṣí tán. Ẹni tó ń fi dátà fóònù rẹ̀ wo ìkànnì wa ni owó rẹ̀ ń lọ.

*Iṣẹ́ ṣíṣe 7.1.* Ṣí Chrome tàbí Firefox lórí kọ̀ǹpútà, lọ sí ìkànnì kan tí o ti ní àkáǹtì, kí o sì tẹ F12. Nínú Chrome, lọ sí Application; nínú Firefox, lọ sí Storage. Ṣí Cookies. Kọ orúkọ kúkì mẹ́ta sílẹ̀, kí o sì sọ èyí tó ní HttpOnly, èyí tó ní Secure àti ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò kú. Má ṣe da iye inú wọn kọ fún ẹnikẹ́ni.

7.3 Láti orí kúkì dé orí sẹ́ṣọ̀n

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kúkì máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti wọlé, ó kàn máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú kúkì:

```
setcookie('omo_egbe', '1042');
```

Ojú-ìwé tó kù yóò wá ka kúkì yìí, wọn a sì gbé ìwé owó ọmọ ẹgbẹ́ 1042 jáde. Lójú ẹni tó kọ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ aṣàmúlò ni kúkì wà, ohun tó bá sì wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó lè yí i padà bó ṣe wù ú. Ọmọ ẹgbẹ́ náà tẹ F12, ó sọ 1042 di 1043, ó tún ojú-ìwé ṣí. Ìwé owó ẹlòmíràn yọ sí i lójú, tòun ti àǹfààní láti fi orúkọ onítọ̀hún béèrè ẹ̀yáwó. Kò lo ẹ̀rọ àrà ọ̀tọ̀ kankan, kò sì já ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a tọ́jú ohun tó ṣe pàtàkì sọ́dọ̀ sáfà, kí a wá fún aṣàmúlò ní nọ́ńbà lásán. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn ìjọba. Aláìsàn kì í gbé fáìlì rẹ̀ relé. Káàdì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ló ń mú lọ. Ohun tí dókítà kọ, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tó lò, inú fáìlì ni gbogbo rẹ̀ wà. Bó bá padà wá, ó fi káàdì hàn, akọ̀wé sì fi nọ́ńbà orí rẹ̀ wá fáìlì jáde. Kúkì ni káàdì yẹn, fáìlì tó wà lọ́dọ̀ sáfà sì ni à ń pè ní sẹ́ṣọ̀n. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ ṣá o. Akọ̀wé lè wo ojú aláìsàn kó sọ pé káàdì yìí kì í ṣe tìrẹ. Sáfà kò lójú. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà wá ló gbà pé ó ni fáìlì.

Di gbólóhùn ìkẹyìn yìí mú ṣinṣin, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìlànà ààbò tó kù nínú orí yìí dúró lé: ẹni tó bá ní nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n lọ́wọ́ ló ni àkáǹtì lójú sáfà. Kò nílò ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́.

Nítorí náà, nọ́ńbà yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ènìyàn lè méfò. Bó bá jẹ́ 1, 2, 3 ni sáfà ń kà lọ, ẹni tó gba 57 mọ̀ pé 56 wà. Bó bá jẹ́ àkókò ìwọlé tàbí nọ́ńbà fóònù ni a lọ̀ pọ̀ tí a fi ṣe é, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò tún un lọ̀. Ohun tí OWASP, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ìkànnì, là kalẹ̀ ni pé kí àìṣeéméfò nọ́ńbà náà tó 64 bit ó kéré tán. Èyí tí PHP ń ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń rí báyìí:

```
Set-Cookie: ajeseku_id=9f2c41d07be85a36c1e0d47f8b2a6935; Path=/; Secure; HttpOnly; SameSite=Lax
```

Má ṣe gbìyànjú láti ṣẹ̀dá nọ́ńbà tìrẹ. Jẹ́ kí PHP, tàbí èdè yòówù tí o bá ń lò, ṣe é.

7.4 Kóòdù náà

Kọ apá yìí sínú fáìlì kan, pè é ní `ibere.php`, kí gbogbo ojú-ìwé ìkànnì sì máa pè é kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun:

```
<?php
ini_set('session.use_strict_mode', '1');
session_name('ajeseku_id');
session_set_cookie_params([
    'lifetime' => 0,
    'path'     => '/',
    'secure'   => true,
    'httponly' => true,
    'samesite' => 'Lax'
]);
session_start();
```

`session_start()` ń wo kúkì tó wọlé. Bó bá rí nọ́ńbà tó mọ̀, ó ṣí fáìlì onítọ̀hún, ó sì kó ohun inú rẹ̀ sínú `$_SESSION`. Bí kò bá rí, ó ṣẹ̀dá nọ́ńbà tuntun. Inú hẹ́dà ni kúkì ń bá lọ, hẹ́dà sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ ojú-ìwé. Bí àyè kan ṣoṣo bá ṣáájú `<?php`, PHP lè kígbe pé hẹ́dà ti lọ. Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò bí sẹ́ṣọ̀n rẹ bá kọ̀ tí kò dúró.

Ojú-ìwé ìwọlé:

```
<?php
require 'ibere.php';
$omo = wa_omo_egbe($_POST['nomba'] ?? '');

if ($omo && password_verify($_POST['asina'] ?? '', $omo['hash'])) {
    session_regenerate_id(true); // nọ́ńbà tuntun
    $_SESSION['id_omo']  = $omo['id'];
    $_SESSION['iwole']   = time();
    $_SESSION['ikeyin']  = time();
    header('Location: /iwe-owo.php');
    exit;
}
echo 'Nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà kò tọ̀nà.';
```

`wa_omo_egbe()` ni iṣẹ́ tí a kọ ní Orí Kẹfà, tó ń wá ọmọ ẹgbẹ́ nínú dátàbéèsì. Wo bí èsì àṣìṣe kò ṣe sọ èwo nínú méjèèjì ni kò tọ̀nà. Bí a bá sọ pé ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló ṣìnà, a ti bá olè jẹ́rìí pé nọ́ńbà yẹn wà nínú ẹgbẹ́.

Èyí ni ẹ̀ṣọ́ tó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu gbogbo ojú-ìwé tó ní ààbò:

```
<?php
require 'ibere.php';
$nisinyi = time();

if (!isset($_SESSION['id_omo'])
    || $nisinyi - $_SESSION['ikeyin'] > 900
    || $nisinyi - $_SESSION['iwole']  > 28800) {
    $_SESSION = [];
    session_destroy();
    header('Location: /wole.php');
    exit;
}
$_SESSION['ikeyin'] = $nisinyi;
$owo = ka_owo($_SESSION['id_omo']);
```

Ìlà tó gbẹ̀yìn, níbi tí `ka_owo()` ti ń ka ìwé owó ọmọ ẹgbẹ́, ló gbé ẹ̀kọ́ 7.3 wọ inú kóòdù. Inú sẹ́ṣọ̀n la ti mú nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́. A kò mú un láti inú àdírẹ́sì bí i `iwe-owo.php?omo=1042`, a kò sì mú un láti inú fọ́ọ̀mù. Ohun tí aṣàmúlò lè fọwọ́ yí, a kì í fi í dá a mọ̀. Má sì fi `exit` sílẹ̀ lẹ́yìn `header`. Bí kò bá sí níbẹ̀, kóòdù ìsàlẹ̀ yóò ṣì ṣiṣẹ́, ìwé owó yóò sì bá èsì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a rò pé a ti lé jáde.

7.5 Báwo ni ó ṣe yẹ kí sẹ́ṣọ̀n pẹ́ tó?

PHP fi 1440 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú 24, ṣe gbèdéke fún fáìlì sẹ́ṣọ̀n tí a kò bá lò. Àmọ́ má gbẹ́kẹ̀ lé e. PHP kì í gbá fáìlì àtijọ́ dànù ní gbogbo ìgbà. Ó máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìbéèrè bá wọlé. Lórí ìkànnì tí èrò kò pọ̀, sẹ́ṣọ̀n lè wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 24. Ìdí nìyí tí ẹ̀ṣọ́ wa fi ń ka àkókò fúnra rẹ̀.

Gbèdéke méjì ló wà nínú kóòdù náà. Àkọ́kọ́ ni ìṣẹ́jú 15 tí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ nǹkan kan. Èkejì ni wákàtí 8 láti ìgbà ìwọlé, bó ti wù kí aṣàmúlò máa tẹ̀ ẹ́ tó, kí nọ́ńbà tí olè ti jí má baà wà láàyè títí ayé. OWASP dá ìṣẹ́jú 2 sí 5 fún ìkànnì tí nǹkan olówó iyebíye wà lórí rẹ̀, àti 15 sí 30 fún èyí tí ewu rẹ̀ kò pọ̀.

Ro ti àwọn tí yóò lò ó kí o tó dá iye tìrẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni yóò wo ìwé owó wọn ní káfẹ́ tàbí lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí ènìyàn mẹ́fà ń lò. Bí gbèdéke bá gùn jù, ẹni tó jókòó tẹ̀ lé wọn yóò bá àkáǹtì wọn ní ṣíṣí. Bó bá sì kúrú jù, ẹni tó dìde lọ wá nọ́ńbà fóònù oníduùró rẹ̀, tàbí tí iná mànàmáná lọ mọ́ lọ́wọ́, yóò padà wá bá fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tó ti kún dé ìdajì ní òfìfo. Ohun tó yẹ ni pé kí gbèdéke kúrú, kí a sì máa tọ́jú fọ́ọ̀mù tí kò tíì parí sínú dátàbéèsì, kí onítọ̀hún lè máa bá a lọ bó bá tún wọlé.

Má sì rò pé nítorí a kọ `'lifetime' => 0`, pípa aṣàwákiri dé ti parí ọ̀rọ̀. Chrome àti Firefox ní ètò tó ń ṣí ojú-ìwé àná padà, wọ́n sì ń dá kúkì sẹ́ṣọ̀n padà pẹ̀lú rẹ̀. Gbèdéke ti sáfà nìkan ló dájú.

7.6 Ọ̀nà mẹ́rin tí olè ń gbà jí sẹ́ṣọ̀n

*Fífetí kọ́ ọ̀nà.* Ní oṣù kẹwàá 2010, Eric Butler gbé Firesheep jáde níbi ìpàdé ToorCon ní San Diego, Amẹ́ríkà. Àfikún kékeré fún Firefox ni. Ẹni tó bá ṣí i lórí Wi-Fi tí kò ní ààbò, ní ilé ìmu-kọfí tàbí ilé-ìwé, yóò rí orúkọ àti àwòrán àwọn tó ń lo Facebook, Twitter àti àwọn ìkànnì mìíràn níbẹ̀. Bó bá tẹ orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wọ àkáǹtì onítọ̀hún nìyẹn. Àwọn ìkànnì yẹn ti fi HTTPS bo ojú-ìwé ìwọlé, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni àṣírí. Lẹ́yìn ìwọlé, HTTP lásán ni kúkì ń gbà kọjá, etí gbogbo ènìyàn sì lè gbọ́ ọ. Butler ní ohun tó sún òun ṣe é ni pé ó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dáàbò bo àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Ní oṣù kìíní 2011, Facebook fún àwọn aṣàmúlò ní àǹfààní láti lo HTTPS lórí gbogbo ojú-ìwé, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn. Ojútùú tìrẹ: HTTPS láti ojú-ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, àti Secure lára kúkì.

*Gbígba inú ojú-ìwé wọlé.* Ká ní ìkànnì wa ní ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ ti lè kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹnì kan kọ JavaScript síbẹ̀ dípò ọ̀rọ̀, kóòdù wa sì gbé e jáde bó ṣe wà. Nígbà tí akọ̀wé bá ṣí i, kóòdù àjèjì náà yóò ṣiṣẹ́ nínú aṣàwákiri akọ̀wé, yóò ka `document.cookie`, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí olè. Ìkọlù tí wọ́n ń pè ní XSS nìyí. HttpOnly kò ní jẹ́ kó rí kúkì sẹ́ṣọ̀n kà. Ṣùgbọ́n ó ṣì lè lo ojú-ìwé náà ní orúkọ akọ̀wé, nítorí náà fi `htmlspecialchars()` bo gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ aṣàmúlò wá kí o tó gbé e jáde.

*Gbígbin nọ́ńbà.* Nínú èyí, olè kì í wá nọ́ńbà rẹ kiri. Ó gba nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ó wá ọgbọ́n gbìn ín sínú aṣàwákiri rẹ kí o tó wọlé. Bí sáfà bá ń lo nọ́ńbà kan náà lẹ́yìn ìwọlé, o ti bá olè ṣílẹ̀kùn. Ìdí tí `session_regenerate_id(true)` fi wà nínú kóòdù ìwọlé wa nìyí, tí `use_strict_mode` sì fi ń kọ nọ́ńbà tí sáfà kò ṣẹ̀dá. Tún nọ́ńbà ṣẹ̀dá nígbàkigbà tí agbára ẹni bá yí padà, bí ìgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá di akápò.

*Fífi orúkọ rẹ ránṣẹ́.* Rántí pé aṣàwákiri ń fi kúkì ránṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti wọlé sí ìkànnì wa, tó sì ṣí ìkànnì mìíràn tó ní fọ́ọ̀mù tó fara sin, fọ́ọ̀mù náà lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú kúkì rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbéèrè owó ni, sáfà yóò gbà pé ọmọ ẹgbẹ́ náà ló ní kí wọ́n san án. CSRF nìyí, olè kò sì rí nọ́ńbà náà rárá kó tó lò ó. SameSite=Lax dí apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Fi àmì ìkọ̀kọ̀ kún un nínú fọ́ọ̀mù tó bá kan owó:

```
$_SESSION['ami'] ??= bin2hex(random_bytes(32));
// nínú fọ́ọ̀mù: <input type="hidden" name="ami" value="...">

if (!hash_equals($_SESSION['ami'], $_POST['ami'] ?? '')) {
    http_response_code(403);
    exit;
}
```

Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ yí wọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀kan nínú ojútùú mẹ́rin yìí tó ju ìlà kóòdù díẹ̀ lọ. Owó tí àwọn mìíràn fi òógùn ojú kó jọ sì ni wọ́n ń ṣọ́.

7.7 Ìjáde

Bọ́tìnnì ìjáde tó kàn gbé aṣàmúlò padà sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ kò ṣe nǹkan kan, nítorí sẹ́ṣọ̀n ṣì wà lọ́dọ̀ sáfà. Ìjáde tó pé ní ẹsẹ̀ mẹ́ta:

```
<?php
require 'ibere.php';
$_SESSION = [];                         // kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò
setcookie(session_name(), '', [
    'expires' => time() - 3600, 'path' => '/',
    'secure' => true, 'httponly' => true, 'samesite' => 'Lax'
]); // pa kúkì
session_destroy(); // pa fáìlì lọ́dọ̀ sáfà
header('Location: /wole.php');
exit;
```

Ẹsẹ̀ kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Bí olè bá ti da nọ́ńbà kọ, pípa kúkì lórí ẹ̀rọ ẹni tó ni ín kò kan olè náà.

Ìkànnì tún gbọ́dọ̀ lè lé ènìyàn jáde láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, Facebook kéde pé àwọn kan ti jí àmì ìwọlé àwọn aṣàmúlò. Iye tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà tó mílíọ̀nù 30. Facebook sọ pé kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pa àmì ìwọlé náà rẹ́, nǹkan bí mílíọ̀nù 90 ènìyàn sì ní láti wọlé lákọ̀tun. Ìwọ náà, jẹ́ kí ìkànnì rẹ lè pa gbogbo sẹ́ṣọ̀n ọmọ ẹgbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá nígbà tó bá yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà tàbí tí fóònù rẹ̀ bá sọnù.

7.8 Níbo ni sẹ́ṣọ̀n ń gbé?

Inú fáìlì lórí sáfà ni PHP ń tọ́jú sẹ́ṣọ̀n sí bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Fún ìkànnì kékeré, ó tó. Bí ìkànnì bá dàgbà dé orí sáfà méjì, ìbéèrè kan lè wọ sáfà àkọ́kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e sì lè bọ́ sí èkejì tí kò ní fáìlì náà, aṣàmúlò á sì bá ara rẹ̀ níta. Ojútùú tó wọ́pọ̀ ni pé kí sáfà méjèèjì máa tọ́jú sẹ́ṣọ̀n sí ibì kan náà, bí i dátàbéèsì tàbí Redis.

Àwọn mìíràn ń lo JWT, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣàmúlò ti wà nínú àmì tí sáfà fọwọ́ sí, tí kò sì sí fáìlì kankan lẹ́yìn. Aṣàmúlò kò lè yí i padà láìjẹ́ pé sáfà mọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí fáìlì, kò sí ohun tí a ó parẹ́ bí olè bá jí i. Àfi kí a dúró de ìgbà tí yóò kú fúnra rẹ̀, tàbí kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn àmì tí a ti fòfin dè. Fún ìkànnì owó bí i tiwa, sẹ́ṣọ̀n tó wà lọ́dọ̀ sáfà ló dára jù.

7.9 Kúkì àti òfin

Kúkì sẹ́ṣọ̀n wà fún iṣẹ́ tí aṣàmúlò fúnra rẹ̀ béèrè. Irú kúkì kejì wà tó ń tọ ènìyàn lẹ́yìn láti ìkànnì kan dé òmíràn kí wọ́n lè máa polówó ọjà fún un. Òfin Yúróòpù ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2002, tí wọ́n tún ṣe ní 2009, ní kí a gba àṣẹ kí a tó fi kúkì sórí ẹ̀rọ ènìyàn, àyàfi èyí tí iṣẹ́ kò lè lọ láìsí i. Ní oṣù kẹwàá 2019, ilé ẹjọ́ àgbà Yúróòpù dájọ́ nínú ẹjọ́ Planet49 pé àpótí tí ìkànnì ti bá ènìyàn fàmì sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe àṣẹ. Ní oṣù kejìlá 2020, CNIL, àjọ ìdáàbòbò dátà ilẹ̀ Faransé, bu owó ìtanràn 100 mílíọ̀nù yúrò lé Google àti 35 mílíọ̀nù lé Amazon lórí ọ̀rọ̀ kúkì.

Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 ló dá àjọ NDPC sílẹ̀, ó sì sọ pé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti ọkàn ènìyàn wá. Dídákẹ́ kò dúró fún gbígbà. Fún ìkànnì wa, ìlànà mẹ́ta tó: má fi kúkì tí iṣẹ́ kò nílò sílẹ̀, kọ ohun tí kúkì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní èdè tí ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́, bí o bá sì fẹ́ ju èyí lọ, béèrè, kí bọ́tìnnì "Mi ò gbà" rọrùn láti tẹ̀ bíi ti "Mo gbà".

Àkópọ̀

HTTP kì í rántí ẹnikẹ́ni, kúkì ló ń bá a rántí. Ohun tó wà nínú kúkì wà ní ìkáwọ́ aṣàmúlò, nítorí náà nọ́ńbà tí a kò lè méfò nìkan ni a ń fi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi wà lọ́dọ̀ sáfà. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà náà ló ni àkáǹtì lójú sáfà, ìdí nìyí tí a fi ń bò ó ní ojú ọ̀nà, tí a ń fi pamọ́ fún JavaScript, tí a ń tún un ṣẹ̀dá nígbà ìwọlé, tí a ń fún un ní gbèdéke, tí a sì ń pa á ní tòótọ́ nígbà ìjáde.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìdí tí sáfà kì í fi í rí Max-Age nínú kúkì tí aṣàwákiri fi ránṣẹ́ sí i.
2. Ìkànnì kan ń gbé ìwé owó jáde pẹ̀lú `ka_owo($_GET['omo'])` lẹ́yìn tó ti rí i pé aṣàmúlò ti wọlé. Kí ni ewu tó wà níbẹ̀? Tún ìlà náà kọ.
3. Yọ `session_regenerate_id(true)` kúrò nínú kóòdù ìwọlé. Sọ, ní ẹsẹ̀-ń-tẹ̀lé-ẹsẹ̀, bí olè yóò ṣe lo àǹfààní náà.
4. Kí nìdí tí HttpOnly kò fi lè dí CSRF, tí SameSite kò sì fi lè dí XSS?
5. Kọ ojú-ìwé kan tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti rí gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọlé sí àkáǹtì rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí yóò lé èyíkéyìí jáde. Kí ni o ní láti tọ́jú sínú dátàbéèsì kí èyí tó lè ṣeé ṣe?
6. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ní kí o fi "Máa rántí mi" kún ojú-ìwé ìwọlé, ìmọ̀ràn wo ni o máa gbà wọ́n? Fi ìdí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀ gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.